Kì í Ṣe Gbogbo Ewé Tó Bá Pọ́n Ni NPK Máa Wò: Orí Oko Ni Kí Wọ́n Ti Kọ́ Àwa Òṣìṣẹ́ Extension

Ọ̀rọ̀ tòní gùn díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, torí owó yín ló wà nínú ẹ̀.

Mi ò ní fi epo bọ iyọ̀. Púpọ̀ nínú àwa òṣìṣẹ́ extension tí wọ́n ń rán wá sóko yín ni wọn ò kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ewé kí wọ́n sì mọ oúnjẹ tí ohun ọ̀gbìn ń wá. Wọ́n kọ́ wa ní kíláàsì, a sì yege ìdánwò. Àmọ́ kíláàsì ò ní àgbàdo nínú. Ẹni tí wọn ò bá kọ́ lórí oko, ìdáhùn kan náà ló máa ní fún gbogbo ìbéèrè. Ewé pọ́n: "Ẹ lọ ra NPK." Ewé ń jó létí: "Ẹ lọ ra NPK." Àgbàdo ò ga: "Ẹ fi NPK kún un." Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn lórí ajílẹ̀ tí kò bá tíì lè dúró níwájú ewé kan, kó sọ ohun tó ń ṣe é, kó sì sọ ìdí tó fi rò bẹ́ẹ̀.

IYE TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ Ń NÁ YÍN

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Àpò NPK 15-15-15 kan tó jẹ́ 50 kg, náítírójìn inú ẹ̀ jẹ́ 7.5 kg. Àpò Yúríà kan tó jẹ́ 50 kg, náítírójìn inú tiẹ̀ jẹ́ 23 kg. Ìyẹn ni pé bó bá jẹ́ náítírójìn nìkan ni àgbàdo yín ń wá, àpò NPK mẹ́ta ni ẹ máa rà kó tó fẹ́ẹ̀ bá àpò Yúríà kan ṣoṣo dọ́gba. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta àpò kọ̀ọ̀kan lọ́jà yín lónìí ṣe ìṣirò náà fúnra yín. Owó iléèwé ọmọ lè wà nínú ìyàtọ̀ yẹn.

Mi ò sọ pé NPK ò dáa o. Nígbà tí ilẹ̀ bá ń wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí ẹ fi sí i ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ gidi. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe oògùn gbogboǹṣe. Ẹ wo ọbẹ̀ tó tẹ́ torí kò níyọ̀. Ẹ lè bu ata sí i, ẹ lè bu epo sí i, ẹ lè da irú odidi igbá kan sí i, kò ní dùn. Iyọ̀ ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohun ọ̀gbìn. Bó bá jẹ́ síńkì ni kò tó, àpò NPK mẹ́wàá ò lè dí àyè ẹ̀. Oúnjẹ tó kéré jù nínú ilẹ̀ yín ló máa pinnu iye àpò tí ẹ máa kó wálé.

Nígbà míì, kì í kàn ṣe pé owó ṣòfò. Ó tún lè bà á jẹ́ sí i. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì tó bá pọ̀ jù nínú ilẹ̀ máa ń jẹ́ kó nira fún gbòǹgbò láti rí síńkì fà. Pòtásíọ̀mù tó bá pọ̀ jù náà máa ń dí magnẹ́síọ̀mù lọ́wọ́. Nítorí náà, ẹni tó da NPK sí àgbàdo tó ń wá síńkì ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ ní iyọ̀ lá ni.

ÌBÉÈRÈ ÀKỌ́KỌ́: EWÉ ÀGBÀ NI, ÀBÍ EWÉ ỌMỌ?

Ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ extension rèé, kò sì le. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé kankan náà lè mọ̀ ọ́n.

Àwọn oúnjẹ kan wà tó máa ń rìn nínú ara ohun ọ̀gbìn: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù, magnẹ́síọ̀mù. Tí wọn ò bá tó, ohun ọ̀gbìn á fà wọ́n yọ lára ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀, á gbé e fún ewé tuntun, bí ìyá tó yọ oúnjẹ ẹnu ẹ̀ fún ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ewé ìsàlẹ̀ ni àmì máa kọ́kọ́ hàn.

Àwọn míì ò lè rìn: síńkì, irin, kálísíọ̀mù, bórọ́ọ̀nù. Ibi tí wọ́n bá ti wà tẹ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Tí wọn ò bá tó, ewé òkè, ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ló máa ń jìyà. Imí ọjọ́ náà, ewé tuntun ló sábà máa ń fi hàn lára.

Ẹ ò rí i pé kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ajílẹ̀ kankan, ó yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀ wo ìsàlẹ̀, kó sì tún wo òkè? Tí òṣìṣẹ́ extension kan bá dúró létí oko yín, tó ń sọ ohun tí ẹ máa rà láti ibẹ̀, ẹ sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé kó wọlé wá.

OHUN TÍ ÀGBÀDO Ń SỌ

Náítírójìn: ewé ìsàlẹ̀ á máa pọ́n láti ṣóńṣó wá, á sì gba ọ̀pá àárín ewé wọlé bí ìgbà tí wọ́n kọ lẹ́tà V. Àgbàdo yòókù á ṣí, kò ní ní àwọ̀ ewé tó jinlẹ̀.

Pòtásíọ̀mù: ewé ìsàlẹ̀ náà ni, àmọ́ etí ewé ló máa pọ́n tó sì máa gbẹ bí ẹni pé iná rà á, àárín á ṣì tutù. Ọmọ àgbàdo ẹ̀ kì í kún dé ṣóńṣó. Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ bá ń bó àgbàdo tí ẹ rí i pé orí ẹ̀ ò ní wóró, ọ̀kan lára ohun tó lè fà á nìyẹn. Àìtó náítírójìn náà lè fà á.

Ẹ wo bí àwọn méjì yìí ṣe fara jọra: ewé àgbà, ó pọ́n, ó gbẹ. Ibi tó gbà wọlé ni ìyàtọ̀. Ọ̀kan gba àárín, èkejì gba etí. Ẹni tí kò bá rí méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn rí, á máa pè wọ́n lórúkọ kan náà ni.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì: àgbàdo kékeré á ràn, á yó àwọ̀ elésè àlùkò bíi ti àlùbọ́sà pupa. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Àwọn irúgbìn kan wà tí àwọ̀ yẹn jẹ́ àbínibí wọn. Omi tó dá dúró sí gbòǹgbò, tàbí gbòǹgbò tó fara pa, náà lè fa irú ẹ̀ bí fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì bá tiẹ̀ wà nínú ilẹ̀.

Magnẹ́síọ̀mù: ewé àgbà, ìlà ìlà. Àárín iṣan ewé á pọ́n, iṣan fúnra ẹ̀ á tutù.

Síńkì: ewé tuntun. Ìlà funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì ọ̀pá àárín ewé, láti ìdí ewé lọ sókè.

Tòmátò ńkọ́? Tí ìdí èso bá dúdú tó sì rì wọlé, kálísíọ̀mù ni kò dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kálísíọ̀mù wà nínú ilẹ̀. Omi ló fà á: ẹ bomi rin ín lónìí, ẹ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ mẹ́rin, ẹ wá tú omi dà sí i. Kí omi ṣe déédéé ló máa kọ́kọ́ wò ó, kì í ṣe àpò tuntun láti ṣọ́ọ̀bù.

Pákí ló wá le jù. Pákí máa ń fi ebi pamọ́. Dípò kó fi àmì hàn lára ewé, á kàn rọra dàgbà, á má gbó, á má sanra nísàlẹ̀. Ojú nìkan ò lè mú un. Ibi tí àyẹ̀wò ilẹ̀ ti di dandan nìyẹn.

ÀWỌN TÓ MÁA Ń ṢE BÍI EBI, TÍ KÌ Í ṢE EBI

Ibi tí ẹ̀kọ́ kíláàsì ti ń já wa kulẹ̀ jù rèé. Àwòrán inú ìwé máa ń fi àìsàn kan ṣoṣo hàn, lára ewé kan ṣoṣo, ó mọ́ tónítóní. Oko ò rí bẹ́ẹ̀. Lóko, ebi méjì lè pàdé lára ewé kan, kòkòrò á tún gbà á lẹ́yìn.

Àgbàdo tí ewé ẹ̀ ní ìlà kéékèèké tó ń já ní àjákù, fáírọ́ọ̀sì lè ti wọ̀ ọ́. Kòkòrò kékeré tó ń fò láti ewé sí ewé ló ń gbé e kiri. Kò sí ajílẹ̀ tó ń wò ó. Pákí tí ewé ẹ̀ ní àbàwọ́n tó sì ká kò, fáírọ́ọ̀sì tí eṣinṣin funfun ń gbé kiri ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Igi tí kò ní in ni kí ẹ ti gé igi gbìn. Àgbàdo tó ń pọ́n tó sì ń rọ nígbà tí òjò ń rọ̀, ẹ wo ilẹ̀ dáadáa: Striga, koríko olódòdó elésè àlùkò yẹn, lè ti fẹnu mọ́ gbòǹgbò ẹ̀ kó tó yọ síta pàápàá. Tòmátò tó ń rọ, ẹ fà á tu. Bí gbòǹgbò bá wú ní kókó kókó, aràn inú ilẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ní kókó tiẹ̀ lára gbòǹgbò, èyí sì dáa. Kókó ẹ̀wà á já bọ́ tí ẹ bá fi ìka gbá a. Kókó ti aràn kì í já, torí gbòǹgbò gan-an ló wú. Ẹ lè ka irú ẹ̀ nínú ìwé, àmọ́ ìka yín ló máa kọ́ ọ.

Ẹ tún wo bó ṣe tàn káàkiri oko. Ebi ilẹ̀ sábà máa ń mú abala kan: ibi tó ga, ibi yanrìn, ibi tí katapílà há erùpẹ̀ òkè kúrò. Àìsàn lè mú ọ̀kan níbí kó fo mẹ́ta. Oògùn koríko tí afẹ́fẹ́ gbé wá máa ń tẹ̀lé ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ gbà, tàbí ibi tí ẹlẹ́rọ ìfínkòkòrò gbà kọjá.

Mo rí ọ̀kan báyìí ní ìhà Òkè-Ògùn. Àgbàdo bàbá kan, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré, ń funfun lápá kan oko. Wọ́n ti ní kó fi NPK sí i, ó fi sí i. Ẹlòmíì ní Yúríà, ó fi sí i. Ẹni kẹta ta oògùn olómi kan fún un tí kò sí ohun tó wà nínú ẹ̀ lára ike. Ẹ̀gbọ́n wa kan lóbìnrin, tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, wọ inú oko, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ewé tuntun yọ, ó ní: "Bàbá, ṣé katapílà ṣiṣẹ́ níbí?" Bàbá ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlà funfun méjì ló rí lára ewé ọmọ, erùpẹ̀ òkè sì ti lọ. Wọn ò da nǹkan kan sí gbogbo oko. Ebè mẹ́rin péré ni wọ́n fín síńkì sọ́fétì sí. Ní ọ̀sẹ̀ méjì, ewé tuntun tó yọ lórí ebè mẹ́rin yẹn tutù, ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ṣì funfun. Ìgbà yẹn ni bàbá tó ra ti oko yòókù.

Mo bi ẹ̀gbọ́n náà níbi tó ti kọ́ ọ. Ó ní ọ̀gá òun àkọ́kọ́ kì í jẹ́ kí àwọn lọ bá àgbẹ̀ kankan títí àwọn fi rin inú oko ìdánwò ní àárọ̀ lójoojúmọ́ fún odindi àsìkò òjò kan. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀ àti àwọn mẹ́ta yẹn kò ju ibẹ̀ lọ. Kì í ṣe pé ó ní ìwé ẹ̀rí jù wọ́n.

BÍ Ó ṢE YẸ KÍ WỌ́N MÁA KỌ́ WA

Nígbà tí àwọn ADP ń lo ètò Training and Visit, ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ fún ẹ̀kọ́ kí wọ́n tó padà sọ́dọ̀ àgbẹ̀. Ètò yẹn dáa. Nígbà tí owó Báńkì Àgbáyé parí, ọ̀pọ̀ ibi ni ó ti rọ. Mo fẹ́ kó padà, àmọ́ kó má padà sínú yàrá. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí:

1. Oko ìdánwò tí a yọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀. Ẹ pín ilẹ̀ kékeré sí mẹ́fà, márùn-ún mítà lọ́nà márùn-ún. Ọ̀kan gba gbogbo oúnjẹ. Ọ̀kan ò gba náítírójìn, ọ̀kan ò gba fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, ọ̀kan ò gba pòtásíọ̀mù, ọ̀kan ò gba síńkì. Ìkẹfà ò gba nǹkan kan. Ajílẹ̀ ẹlẹ́yọ ẹyọ ni kí wọ́n lò, bíi Yúríà fún náítírójìn àti MOP fún pòtásíọ̀mù, torí NPK ò ṣeé yọ ọ̀kan kúrò nínú ẹ̀. Kó sì jẹ́ ilẹ̀ tó ti ṣá. Ilẹ̀ tuntun lè má fi àmì kankan hàn.

2. Ibi tí kò bá sí ilẹ̀, kí wọ́n lo ike àti yanrìn odò tí wọ́n fọ̀ dáadáa. Yanrìn ò ní oúnjẹ púpọ̀, àmì á tètè yọ.

3. Ìdánwò kó jẹ́ ewé tútù, kì í ṣe bébà. Kí olùkọ́ to ewé mẹ́wàá sílẹ̀ láìkọ orúkọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ojú ẹ̀ rí kó tó kọ ohun tó rò. Kí ó sì pọn dandan kó gba ó kéré tán mẹ́jọ. Kí wọ́n da ewé tí fáírọ́ọ̀sì mú àti èyí tí oògùn koríko jó pọ̀ mọ́ ọn.

4. Kí wọ́n kọ́ wa láti máa sọ pé "ó jọ pé." Ìdánwò lórí ebè díẹ̀ kọ́kọ́, odindi oko lẹ́yìn náà.

Ìlú Ìbàdàn nìkan ní IITA, ó ní IAR&T àti iléèwé àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ní Moor Plantation. Ìmọ̀ ò jìnnà sí wa. Ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gun ọ̀kadà lọ sí abúlé ló dí.

"ṢÉ FÓÒNÙ Ò LÈ ṢE É NI?"

Àwọn kan á sọ pé fóònù ti wà tó ń wo àwòrán ewé. Ó wà lóòótọ́, ó sì ń ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ò rí gbòǹgbò, kò mọ̀ pé katapílà há ilẹ̀, kò mọ ohun tí ẹ gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Àwọn míì á ní àyẹ̀wò ilẹ̀ ló yẹ ká máa ṣe, ká yéé wo ewé. Òótọ́ ńlá wà nínú ìyẹn náà. Kí àmì tó yọ lára ewé, ebi ti ń pa irè oko tipẹ́, apá kan èrè sì ti lọ. Àyẹ̀wò ilẹ̀ kí ẹ tó gbìn ló dáa jù. Àmọ́ àgbẹ̀ mélòó ló ṣe é lọ́dún yìí? Nígbà tí àgbàdo bá ti wà lórí ilẹ̀ tó ń funfun, ojú tó mọṣẹ́ ló máa sọ àyẹ̀wò tó yẹ ká san owó fún. Àwọn méjèèjì ń ran ara wọn lọ́wọ́ ni.

Ẹni tó bá sì ní kò sí owó fún oko ìdánwò, kó ro iye àpò mẹ́fà ilẹ̀ kékeré yẹn máa jẹ, kó fi wé iye àpò tí àgbẹ̀ ogún ń dà sílẹ̀ lásán torí ìmọ̀ràn ẹnì kan.

OHUN TÍ Ẹ̀YIN LÈ ṢE LÓNÌÍ

Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má dúró dè wá. Tí ewé bá yí àwọ̀ padà, ẹ wo àgbà, ẹ wo ọmọ, ẹ fa ọ̀kan tu kí ẹ wo gbòǹgbò, ẹ wo bó ṣe tàn lóko. Ẹni tó bá ní kí ẹ ra nǹkan, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta: "Kí ni ẹ rí? Kí ló tún lè fa irú ẹ̀? Ṣé a lè dán an wò lórí ebè mẹ́rin ná?" Ẹni tó mọṣẹ́ ò ní bínú.

Ẹ̀yin tó ń ta ajílẹ̀, mo mọ̀ pé ọjà lẹ fẹ́ tà. Àmọ́ àgbẹ̀ tó jèrè ló máa padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ ní kó mú ewé ìsàlẹ̀ kan àti ewé òkè kan wá kí ẹ tó na ọwọ́ sí àpò.

Tí ẹ bá sì fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ sójú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ewé kan ṣoṣo ò tó. Ẹ ya odindi igi, ẹ ya ewé ìsàlẹ̀, ẹ ya ewé òkè, ẹ ya gbòǹgbò, ẹ ya oko láti ọ̀kánkán. Ẹ sọ ọ̀sẹ̀ tí ẹ gbìn ín, ohun tí ẹ ti fi sí i, àti bóyá omi ń dúró níbẹ̀.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nídìí iṣẹ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ jẹ́ ká jọ béèrè fún ẹ̀kọ́ tó yẹ wá. Ẹni tí wọ́n bá gbà gbọ́ lórí oko, ó yẹ kó mọ ohun tó ń sọ.

Kí lẹ̀yin rò? Ẹ sọ ọ́ fún wa nísàlẹ̀. Irè oko á ta o, a ò ní fowó ra òfo. Àṣẹ.